Ẹ wo ẹnu ọmọ kí ẹ tó wo ọwọ́ rẹ̀: ìfiwéra eré ọwọ́ àti ìpápánu fún ọmọ wẹ́wẹ́

Ẹ̀wà kan ṣoṣo ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Télọ̀ ni mí, ní Lágéré nílùú Ilé-Ifẹ̀. Yàrá iwájú ni mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi sí, tí ilé ìwé bá sì ti gba ọlidé, abẹ́ tábìlì ẹ̀rọ yẹn làwọn ọmọ mi ń gbé. Lọ́jọ́ kan, mo da ẹ̀wà olóyin sínú abọ́ fún àkọ́bí mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà náà, mo ní kó máa fi ife bù ú láti inú abọ́ kan sí èkejì. Orí fóònù ni mo ti rí irú eré bẹ́ẹ̀, ó sì wù mí. Àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún kan ààbọ̀, lọ jókòó tì í. Kí n tó ran zíìpù kan tán, ọmọ ti ki ẹ̀wà bọ imú.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe náà ni kò dáa: mo ti ìka bọ̀ ọ́, ẹ̀wà bá tún wọlé sí i. Nígbà tí a dé ọsibítù, nọ́ọ̀sì ṣàlàyé fún mi pé ẹ̀wà tó bá wọ imú á máa fa omi inú imú mu, á máa wú, bó bá sì ṣe ń pẹ́ níbẹ̀ ni yíyọ rẹ̀ ń le. Ó ní tó bá tún ṣẹlẹ̀, kí n má fi nǹkan kan wá a, kí n gbé ọmọ wá kíákíá ni. Wọ́n bá wa yọ ọ́. Ọmọ sunkún, èmi náà sunkún, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń bi mí bóyá ẹ̀wà yẹn ì bá ti hù.

Tẹ́lẹ̀, ohun tí mo máa ń bi ara mi kí n tó gbé eré kalẹ̀ ni pé ṣé ó máa dá wọn dúró kí n lè rí ọwọ́ ránṣọ. Ní báyìí, ẹnu ọmọ ni mo kọ́kọ́ ń wò, mo sì ka imú àti etí mọ́ ẹnu yẹn. Ọmọ tó ṣì ń kó ohun gbogbo sẹ́nu, ohun tó lè gbé mì láìséwu ni kí wọ́n fún un fi ṣeré, tàbí ohun tó tóbi ju ẹnu rẹ̀ lọ pátápátá. Lẹ́yìn ẹnu ni mo tó ń wo omi: omi wo la máa fi fọ ọmọ àti ilẹ̀ tí eré bá parí? Ẹni tó ń fa omi nínú kànga àti ẹni tó ní bọ́hòlù ò lè yan eré kan náà. Owó ló kẹ́yìn, torí nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ fi wé ara wọn yìí, kò sí èyí tó máa jẹ yín ní gbèsè.

Ẹlòmíì á ní ṣebí fóònù wà. Mo máa ń gbé e fún wọn nígbà míì, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) sọ ní 2019 ni pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, kò yẹ kó máa jókòó wo fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n rárá. Àwọn tó ti pé ọdún méjì sí mẹ́rin, kó má ju wákàtí kan lọ lójúmọ́, bó bá sì dín, ó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wákàtí kan kò tó ran ṣòkòtò.

## Amọ̀, fúláwà oníyọ̀, ẹ̀kọ tútù

Ọmọdé fẹ́ràn ohun tó bá rọ̀ tó ṣeé fún mọ́wọ́, mẹ́ta ló sì sún mọ́ wa jù.

Ìlú amọ̀ ni Ifẹ̀. Amọ̀ la ní Ọbàtálá fi mọ ènìyàn. Amọ̀ sísun ni wọ́n sì fi ṣe púpọ̀ nínú àwọn orí tó wà ní mùsíọ́mù ní Ẹnuwá, tí àwọn onímọ̀ ní wọ́n ti wà láti nǹkan bí ọdún 1100 sí 1500. Ẹ gbé àwọn ọmọ lọ wò wọ́n. Àkọ́bí mi wo ilà wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ tí wọ́n fà sójú àwọn orí kan láti iwájú orí dé àgbọ̀n, kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí a délé, ó mú ìyarun mi, ó sì fi eyín rẹ̀ fa ilà sójú ère tó fi amọ̀ mọ. Ìyarun yẹn kò yẹ orí mọ́.

Amọ̀ tó dáa jù tí mo tíì rà, Ìpetumodù ni mo ti rà á, lọ́dọ̀ àwọn ìyá tó ń mọ ìkòkò. Wọ́n ti pò ó, wọ́n ti ṣa òkúta inú rẹ̀ kúrò. Ọ̀rá kan ṣoṣo tó wa lò fún gbogbo ọlidé, torí amọ̀ kì í bàjẹ́: bó bá gbẹ, ẹ fọ́ ọ, ẹ rẹ ẹ́ sómi, ó di tuntun. Èyí tí mi ò gbà ni amọ̀ tí ọmọ lọ fọwọ́ ara rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà tàbí ní ẹ̀yìnkùlé tí àwọn èèyàn ń yàgbẹ́ sí. Ẹyin aràn máa ń wà nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ló sì ń gbé e dé ẹnu. Ìdí nìyẹn tí amọ̀ fi jẹ́ eré ọmọ tó ti mọ̀ pé oúnjẹ nìkan ló ń wọ ẹnu, tí á sì jẹ́ kí ẹ fi ọṣẹ fọ ìsàlẹ̀ èékánná òun.

Fúláwà oníyọ̀ ni èyí tí gbogbo ayé ń gbé sórí fóònù. Ife fúláwà méjì, ife iyọ̀ kan, ṣíbí òróró méjì, kí ẹ wá máa ta omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa pò ó títí tí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́. Ife omi kan kì í sábà tán lé e lórí. Bí ẹ bá bu ata ilẹ̀ pupa díẹ̀ sí i, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n. Ó mọ́ ju amọ̀ lọ, kì í kun aṣọ, bí ẹ bá sì dé e sínú ike onídèérí, ó lè lo ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àléébù rẹ̀ ni iyọ̀ yẹn gan-an. Ọmọ tó bá tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan á tu ú dànù, ṣùgbọ́n èyí tó bá lójú kòkòrò, tó lọ jẹ ẹ̀kún ọwọ́ kan, iyọ̀ yẹn ti pọ̀ jù fún ara rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ajá ilé jẹ ẹ́ pẹ̀lú. Fúláwà tútù fúnra rẹ̀ sì lè ní kòkòrò àìsàn nínú, torí wọn kì í sè é kí wọ́n tó dì í sápò. Nígbà òjò, ó máa ń domi lọ́wọ́ nítorí pé iyọ̀ ń fa ọ̀rinrin. Ẹ kàn bu fúláwà kún un. Nígbà ọyẹ́, á sán bí àtẹ́lẹsẹ̀ àgbẹ̀.

Fún ọmọ ọdún kan, mi ò gbé èyíkéyìí nínú méjèèjì yìí jáde. Ẹ̀kọ tútù ni tiwọn. Ẹ ra èyí tó dì dáadáa lọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́kọ, ẹ tú u kúrò nínú ewé, ẹ gé e sórí tíréè tó mọ́. Ó tutù, ó ń yọ̀, ó ń fọ́, ó tún ń lẹ̀. Ọmọ á tẹ̀ ẹ́, á gbá a, á lá ọwọ́ rẹ̀, kò sí nǹkan kan tó máa ṣe é.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀ ni ìyá ọkọ mi wọlé láti Mọdákẹ́kẹ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ọmọ tó ń fún ẹ̀kọ gba àárín ìka.

"Ìyàwó mi, ẹ̀kọ lẹ fi ń ṣeré?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Ó ń ṣeré, ó ń jẹ ẹ́ náà ni."

"Kó jẹ ẹ́ tán ná, kó tó fi í ṣeré."

Mi ò rí èsì fọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í fi oúnjẹ tàfàlà, mi ò sì fẹ́ kí àwọn ọmọ mi gbàgbé. Àdéhùn tí a wá ṣe ni pé ìdajì ẹ̀kọ kan péré ni ti eré, èyí tó bá sì ṣẹ́kù sórí tíréè, adìyẹ Màmá ló ni ín.

Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe dúró síra wọn nìyí lójú tèmi:

| | Amọ̀ | Fúláwà oníyọ̀ | Ẹ̀kọ tútù |
|---|---|---|---|
| Ọjọ́ orí | ọdún mẹ́ta sókè | ọdún méjì ààbọ̀ sókè, kí àgbà jókòó tì í | ọmọ tó ti ń jẹun, tó sì lè dá jókòó |
| Bó bá wọ ẹnu | ewu aràn | iyọ̀ pọ̀ jù | oúnjẹ ni |
| Omi tó ń gbà | garawa kan, àti aṣọ tí kò ní mọ́ mọ́ | abọ́ omi kan | abọ́ omi kan, kí ó tó gbẹ |
| Bó ṣe ń pẹ́ tó | títí ayé | ọ̀sẹ̀ kan | ọjọ́ yẹn nìkan |

## Ìrẹsì aláwọ̀, yanrìn, àti ẹ̀wà bíbó

Ìrẹsì aláwọ̀ rẹwà lójú, òótọ́ ni. Wọ́n á da àwọ̀ sí ìrẹsì, wọ́n á sá a gbẹ, ọmọ á máa bù ú. Ṣùgbọ́n ìrẹsì tí ẹ ti pa láró, ta ló fẹ́ sè é? Ní ọjà tí a wà yìí? Èmi kò ṣe é rí, mi ò sì ní ṣe é.

Yanrìn ni òdìkejì rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, kì í sú ọmọdé. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a, kí ẹ dà á sínú báàfù tó fẹ̀, kí ẹ sì máa dé e ní gbogbo ìgbà tí wọn kò bá lò ó, nítorí ológbò tó bá rí yanrìn tó mọ́, ilé ìyàgbẹ́ ló rí. Ife tó ti fọ́, ṣíbí àlòkù, èèpo àgbọn fún ìkòkò ọbẹ̀, eré òwúrọ̀ kan ti délẹ̀ nìyẹn. Ohun tí kò jẹ́ kí n máa gbé e jáde lójoojúmọ́ ni orí ọmọbìnrin. Yanrìn tó bá wọ inú irun dídì lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Sátidé tí ẹ ń tú u lẹ máa tó rí òpin rẹ̀.

Èyí tó gba ipò kìíní lọ́wọ́ mi ni iṣẹ́ ilé tí a ti ń ṣe tẹ́lẹ̀: bíbó ẹ̀wà. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀wà yẹn náà. Ẹ rẹ ẹ̀wà fún mọ́ín-mọ́ín sínú omi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí èèpo rẹ̀ dẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin á ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú abọ́, á máa fi àtẹ́lẹwọ́ ha á mọ́ra. Ariwo rẹ̀ á máa dún ṣàà ṣàà. Èèpo á bọ́, á léfòó bí ìyẹ́ ẹyẹ, ẹ̀wà funfun á rọra jókòó sísàlẹ̀. Ẹ wá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń da omi orí rẹ̀ sínú asẹ́ láìjẹ́ kí ẹ̀wà bá a lọ, ohun tó gba ìfarabalẹ̀ nìyẹn o, àwọn àgbà pàápàá ń ṣì í ṣe. Dà á, bu omi míì, ha á, tún un dà. Tèmi máa ń ṣe èyí fún ogójì ìṣẹ́jú láìpe orúkọ mi.

Àbúrò rẹ̀ ńkọ́? Èèpo nìkan ni mo ń bù fún un, nínú abọ́ tirẹ̀, pẹ̀lú omi díẹ̀. Ó rí nǹkan kan náà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí: omi, ohun tó ń léfòó, ohun tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Ẹ̀wà gidi kò gbọdọ̀ kúrò nínú abọ́ ẹ̀gbọ́n, èmi náà kì í sì í sí lórí ẹ̀rọ lásìkò yẹn. Nínú yàrá ìdáná la máa ń wà, ojú mi sì máa ń wà lára wọn. Bó bá di ìrọ̀lẹ́ tí a bá ń tú mọ́ín-mọ́ín kúrò nínú ewé, ẹni tó bó ẹ̀wà á sọ fún ẹni tó bá fetí sílẹ̀ pé òun lòun sè é.

Omi lásán wà níbẹ̀ fún ọjọ́ tí ooru bá mú: abọ́, ife, asẹ́, kànìnkànìn. Kò náni ní kọ́bọ̀, kò dọ̀tí, bẹ́ẹ̀ ló sì léwu jù nínú gbogbo eré tí mo dárúkọ. Omi tí kò ju ìka mẹ́ta lọ nínú báàfù lè pa ọmọ tó bá dojú dé e. Ẹ má dìde lọ gbé fóònù. Bí ẹ bá máa dìde, ẹ gbé ọmọ dání, ẹ sì da omi nù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí eré bá parí.

Mo tún fẹ́ mẹ́nu ba kọ́ọ̀nfúláwà, nítorí ọkọ mi ló fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn ọmọ lọ. Ife méjì rẹ̀ sí ife omi kan, ẹ rò ó pọ̀. Bí ẹ bá rọra ti ìka bọ̀ ọ́, omi ni. Bí ẹ bá gbá a ní ẹ̀ṣẹ́, ó le bí ògiri. Àwọn hóró rẹ̀ tó wà nínú omi ló ń há mọ́ra wọn nígbà tí ẹ bá yára tẹ̀ wọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́rin sókè, lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ẹ má dà á sínú síǹkì, á dí i. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ gbá a dànù.

## Ewé, bébà, àjákù aṣọ

Níbí, mo máa gbè sẹ́yìn tèmi díẹ̀, ẹ dárí jì mí.

Àjákù aṣọ tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ mi lóòjọ́ tó láti fi bo ògiri. Bí ẹ kò bá jẹ́ télọ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ èyí tó wà ládùúgbò yín, inú rẹ̀ á dùn pé ẹ bá òun kó o kúrò nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọn àpò náà dáadáa kí ọmọ tó fọwọ́ kàn án: píìnì, bọ́tìnnì àti orí abẹ́rẹ́ ló máa ń fara pamọ́ síbẹ̀. Ìsàlẹ̀ páálí ni wọ́n máa lẹ̀ ẹ́ mọ́. Gọ́ọ̀mù ńkọ́? Ẹ po fúláwà ṣíbí méjì sínú ife omi tútù kan, ẹ gbé e kaná, ẹ máa rò ó títí á fi ki bí ògì tó jinná. Kò ní òórùn, ọmọ tó bá lá a kò ní kú, nígbà tí gọ́ọ̀mù ike tí wọ́n ń tà kò dára fún inú. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé tiwa yìí máa hu èbu lẹ́yìn ọjọ́ méjì, èèrà sì fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ sè é níwọ̀nba. Ṣé ẹ rántí pé ẹ̀kọ náà ló fún àdìrẹ ẹlẹ́kọ lórúkọ? Ẹ̀kọ tí wọ́n fi láfún ṣe ni wọ́n fi ń ya àrà sára aṣọ kí aró má bàa mú ibẹ̀.

Ewé ni ti ẹni tí kò ní àjákù. Ẹ fi ewé sábẹ́ bébà, kí iṣan ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sókè, kí ọmọ fi ẹ̀gbẹ́ kíréyọ̀nù ha orí bébà náà. Ewé á yọ jáde bí iwin. Ewé kòkó ló dáa jù, iṣan rẹ̀ le, ó tóbi, ẹ̀yìn Ifẹ̀ sì kún fún un. Kòkó ni mo wí o, mi ò wí kókò. Omi ewé kókò máa ń yún ọwọ́, bó bá dé ẹnu, ọmọ yín á ké dé Ìta Ọ̀ṣun. Ẹ fi èsìsì àti wèrèpè hàn wọ́n kí wọ́n tó jáde lọ já ewé, kí wọ́n lè yà fún wọn.

Ilá náà ṣeé tẹ̀. Ẹ gé e ní ìbú, ẹ ó rí i pé ó rí bí ìràwọ̀ onígun márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú àwọ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Ànàmọ́ ṣeé gbẹ́ àwòrán sí, ó sì pẹ́ ju ilá lọ, àmọ́ ẹ̀yin àgbà lẹ máa fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ, nígbà tí ẹ bá sì fi máa gbẹ́ ẹ tán, ọmọ ti lọ. Ilá ni mo yàn.

Àwọ̀ wo? Zobo. Ẹ rẹ ewé rẹ̀ sínú omi gbígbóná, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ pín in sí ife mẹ́ta. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ìkíní, á pọ́n fòò. Ẹ bu bákìn sódà ṣíńṣín sí ìkejì, á ṣú, á sì yí sí àwọ̀ aró. Ẹ fi ìkẹta sílẹ̀ bó ṣe wà kí wọ́n lè fi wé e. Ìgbà àkọ́kọ́ tí àkọ́bí mi rí i, ó ní kí n tún un ṣe nígbà mẹ́fà, ọsàn wẹ́wẹ́ inú ilé tán. Ẹ bọ́ aṣọ funfun kúrò lọ́rùn wọn kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ìlẹ̀kẹ̀ sínsín wù mí púpọ̀, pàápàá nílùú tí wọ́n ti ṣe ìlẹ̀kẹ̀ onígíláàsì ní Igbó Olókun ní ọ̀rúndún mélòó kan sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ àti ẹ̀wà, ọmọ ìyá ni wọ́n nínú imú. Títí ọmọ fi máa pé ọdún márùn-ún, mo ń gé sitíróò sí wẹ́wẹ́ tó gùn tó ìka ọwọ́, wọ́n ń fi òwú tó nípọn sín in. Ó dùn mọ́ wọn bákan náà.

## Ìpápánu

Ọ̀pọ̀ wa ló máa ń ṣọ́ eré, tí a ó wá fún ọmọ ní ìpápánu tó léwu ju eré lọ. Gúgúrú àti ẹ̀pà lẹ rí yẹn. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò fẹ́ràn wọn, àwọn méjèèjì sì wà lára ohun tí àwọn dókítà ọmọdé ń bẹ̀ wá pé ká má fún ọmọ wẹ́wẹ́. Hóró ẹ̀pà tóbi tó ọ̀nà ọ̀fun ọmọ gẹ́lẹ́, eyín ìdí tó máa fi lọ̀ ọ́ kò sì tíì pé. Ọmọ tí kò tíì tó ọdún márùn-ún, ẹ má fún un ní ẹ̀pà odidi. Ẹ lọ̀ ọ́ kúná, kí ẹ fi pa búrẹ́dì féńfé, kí ẹ sì kọ́kọ́ fún un ní kékeré kí ẹ wo bó ṣe bá ara rẹ̀ mu. Ẹ̀pà tó bá ti hu èbu tàbí tó korò, ẹ dà á nù pátápátá, ẹ má ṣa á. Májèlé tí èbu yẹn ń fi sínú rẹ̀ kì í lọ tán bí ẹ tilẹ̀ yan án.

Àgbálùmọ̀ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà nítorí kóró rẹ̀ tó ń yọ̀. Ẹ fún ẹran inú rẹ̀ sínú abọ́, ẹ kó kóró rẹ̀ kúrò. Ìbẹ́pẹ kò ní wàhálà kankan, kò sí èso tó rọrùn jù ú lọ fún ọmọ tí kò léyín.

Láàárín dòdò àti bọ̀ọ̀lì, èmi á mú dòdò tó rọ̀ fún ọmọ ọdún kan, èyí tí ẹ ti fi bébà pa òróró ara rẹ̀; bọ̀ọ̀lì máa ń gbẹ jù lẹ́nu wọn. Nígbà tó bá pé ọdún mẹ́ta, ẹ yí i padà. Wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń tà dára púpọ̀, ó rọ̀, ó sì ń jẹ́ kí eegun le. Ẹ sè é dáadáa ná kí ọmọ tó jẹ ẹ́, torí omi inú abọ́ tí wọ́n fi ń gbé e kiri kò dá mi lójú. Ní ti bisikíìtì àti júùsì onípáálí, ṣúgà ni, mi ò ní fi àyè ṣòfò lé e.

Oyin kò gbọdọ̀ dé ẹnu ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, torí kòkòrò kan lè wà nínú rẹ̀ tí ìfun ọmọ jòjòló kò lè bá jà. Mo mọ̀ pé níbi ìkómọ, a máa ń fi tọ́ ọ lẹ́nu. Nígbà tí a ń kó tèmi jáde, ètè mi ni Bàbá àgbà fi kàn, wọ́n ṣe àdúrà wọn tán, àdúrà sì gbà.

Bí nǹkan bá há ọmọ lọ́fun, tó bá ṣì ń wúkọ́, ẹ jẹ́ kó máa wúkọ́. Bí kò bá lè wúkọ́, tí ohùn rẹ̀ kò jáde, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, kí orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀, kí ẹ fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ gbá a lẹ́yìn láàárín ejìká méjèèjì lẹ́ẹ̀márùn-ún. Bí kò bá jáde, ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, ẹ yí i kí ojú rẹ̀ kọjú sókè, kí ẹ fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ kan tẹ àárín àyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún. Ọmọ tó ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ gbá a mọ́ra láti ẹ̀yìn, kí ẹ ti ikùn rẹ̀ lókè ìdodo wọnú sókè lẹ́ẹ̀márùn-ún. Ẹ máa pààrọ̀ méjèèjì, kí ẹnìkan sì ti máa wá ọkọ̀ tó máa gbé yín lọ sí ọsibítù. Ẹ má ti ìka bọ ọ̀fun tí ojú yín kò rí nǹkan nínú rẹ̀. Mo ti sọ fún yín bí ìka mi ṣe ṣe é.

Mo fi àádùn ṣe ìkẹyìn nítorí òun nìkan ló jẹ́ eré, tó sì tún jẹ́ ìpápánu. Ẹ yan àgbàdo gbígbẹ, ẹ lọ̀ ọ́ kí ó kúná bí àtíkè, ẹ fi iyọ̀ tówọ́, ẹ wá máa ta epo pupa sí i díẹ̀díẹ̀. Ti àgbà máa ń ní ata, ti ọmọ kò nílò rẹ̀. Ìyẹ̀fun rẹ̀ á kọ́kọ́ máa fò, kò dáa kí ọmọ máa fà á símú, nítorí náà ẹ̀yin ni kí ẹ pò ó títí tó fi máa rin. Nígbà náà ni kí ẹ gbé e lé wọn lọ́wọ́. Ó ń mọ bí amọ̀, kì í lẹ̀ bíi fúláwà, ọwọ́ wọn á pupa ràì, òórùn epo á gba ilé. Èyí tí wọ́n bá mọ, wọ́n á jẹ ẹ́, kò sí ẹni tó máa sọ pé wọ́n fi oúnjẹ tàfàlà. Ọmọ ọdún kan, ẹ jẹ́ kí tirẹ̀ rọ̀ gan-an, kí ẹ fún un ní bíńtín bíńtín.

Ọlidé tó kọjá, àkọ́bí mi mọ èèyàn kan, ó fi ìyarun mi tó ti bàjẹ́ yẹn fa ilà sí i lójú, ó gbé e fún ìyá ọkọ mi lórí ewé.

"Ta nìyí, ọkọ mi?" ni Màmá bi í.

"Ẹ̀yin ni, Màmá."

Màmá yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó wò ó dáadáa. Ó ní imú yẹn jọ ti òun. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara rẹ̀ láti ẹsẹ̀.